Èéfín Funfun Kì Í Ṣe Póòpù

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi tíì kaná ní ìlú apẹja tí wọ́n ń pè ní Caleta Piedra Honda, Don Baldomero Huenchul á ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà. Á fọwọ́ lé ìbàdí, á tẹjú mọ́ ọ̀pá èéfín ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà lápá kejì etíkun, á sì kéde ohun tó rí fún gbogbo àdúgbò.

Bí èéfín náà bá dúdú, á ní, "Kò tíì sí póòpù o." Àwọn obìnrin á sáré káṣọ, wọ́n á pe àwọn ọmọ wọn wọlé. Bó bá funfun, á fa okùn agogo, á ní, "A ti ní póòpù." Ìgbà náà ni aṣọ á bọ́ sórí okùn, tí àwọn ọmọ á sì bọ́ sí gbàgede.

Ẹ mọ̀ pé ní Róòmù, bí àwọn kádínà bá yan póòpù tuntun, èéfín funfun ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀. Don Baldomero rí i nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà kan, ọgbọ́n náà sì wọ̀ ọ́ lórí. Ó ní ohun tó bá tó Bàbá Mímọ́, ó tó aṣọ fífọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ póòpù?

Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná náà ti pẹ́. Èédú ni wọ́n ń jó níbẹ̀ láti ìgbà tí Don Baldomero ṣì ní irun lórí. Ará ìlú kì í pè é ní orúkọ tó wà lára géètì. Àǹtí ni wọ́n ń pè é. "Àǹtí ti jí." "Àǹtí wúkọ́ lánàá." "Àǹtí ti darúgbó, kò sì fẹ́ fi sìgá sílẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, nítorí Àǹtí ló ń bọ́ ìdajì ìlú. Ariel, ọmọ Don Baldomero, wà lára àwọn tó ń bọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ṣọ́ bẹ́líìtì tó ń gbé èédú lọ sínú ààrò.

Ariel bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rayén. Ìyá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, nítorí náà ọwọ́ bàbá àgbà lọmọ wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí Don Baldomero dá yín dúró lójú ọ̀nà títí oúnjẹ yín á fi jóná, ẹ kàn bi í pé báwo ni Rayén. Ijó cueca, ijó ìbílẹ̀ wọn, lọmọ náà mọ̀ ọ́n jó. Bó bá ti na áńkáṣíìfù funfun rẹ̀ sókè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin á ṣí fìlà. Don Baldomero ti sọ fún gbogbo ayé pé lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira tọdún yìí, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, Rayén ni yóò ṣí ijó ní gbàgede.

Àfi pé ọmọ náà ń wúkọ́. Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù, òtútù sì ti ń lọ, ikọ́ ò lọ.

Don Baldomero mọ ohun tó fà á. Ẹsẹ̀ lásán ni. Ó ní kí Rayén máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ikọ́ ò dáwọ́ dúró. Ó wá ní atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ni, ó sì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lé síńgílẹ́ẹ̀tì fún ọmọ náà títí kò fi lè ká apá mọ́. Ó se àlùbọ́sà pẹ̀lú oyin fún un. Gbogbo ilé ń rùn, ikọ́ ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tán, ó kọjú sí ológbò aládùúgbò.

Aládùúgbò náà ni Señora Nolfa, opó tó ń ta empanada, ìyẹn páì tí wọ́n fi ẹja sínú rẹ̀, nídìí èbúté. Aṣọ funfun ló máa ń tẹ́ sórí gbogbo tábìlì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Señora Nolfa," Don Baldomero pè é lórí ọgbà, "irun ológbò yín ti wọ ọmọ mi lọ́fun."

"Ológbò mi? Èyí tó ń wá sùn tì yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìwàásù?"

"Èmi kì í sùn. Mo máa ń ronú ni."

"Ẹ máa ń ronú, ẹ sì máa ń hanrun." Señora Nolfa gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀ sọ̀. "Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ póòpù yín gan-an ni aṣọ tábìlì mi ń bàjẹ́? Tí èéfín bá dúdú, mo ti ká a wọlé. Tó bá funfun, màá sá a, ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ nù ún, ọwọ́ mi á dúdú. Oníbàárà kan bi mí lọ́jọ́ Sátidé bóyá ata dúdú ni mo bù sórí aṣọ."

"Bóyá ọwọ́ yín ló ti dúdú tẹ́lẹ̀."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà níbí, ẹ sì ń bá ológbò jà."

Don Baldomero wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ máa ń dun ẹni tí kò bá tíì fẹ́ gbọ́ ọ. Tó bá fara balẹ̀, òun náà ì bá rí i pé ọjọ́ póòpù ni ikọ́ Rayén máa ń le jù, nítorí ọjọ́ póòpù ló máa ń mú ọmọ náà lọ sí gbàgede lọ kọ́ ijó, pé kó lu ilẹ̀ dáadáa, kó mí kanlẹ̀, nítorí ojú ọ̀run mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àjọ̀dún ti ń sún mọ́lé, kùrukùru bo etíkun. Ewé kan ò mì. Èéfín Àǹtí jáde, ó funfun bí aṣọ pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò lọ sókè. Ó kàn tẹ́ ara rẹ̀ sórí òrùlé àwọn ilé, ó jókòó síbẹ̀. Don Baldomero wò ó, ó fa okùn agogo.

"A ti ní póòpù," ó ní. "Póòpù ńlá ni tòní."

Àwọn ọmọ ilé ìwé jáde sí gbàgede, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú áńkáṣíìfù lọ́wọ́. Wọn ò tíì jó jìnnà tí òórùn kan fi dé, òórùn bí ìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná.

"Señora Nolfa," Don Baldomero ké sí òdìkejì gbàgede, "ẹ yé ṣá ìṣáná, ẹ ń dà wá láàmú."

"Mi ò tíì dáná," obìnrin náà dáhùn. "Imú yín ni kí ẹ bi."

Ọmọ kan bì. Òmíràn jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. Rayén ṣì ń jó, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ ò dún mọ́.

"Má dúró, ọmọ mi," bàbá àgbà rẹ̀ ń wí. "Gìgísẹ̀, gìgísẹ̀."

Áńkáṣíìfù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó fọwọ́ di àyà mú, ọfun rẹ̀ ń wọnú, àyà rẹ̀ sì ń hó fíì bí ẹni ń fọn súúfé. Ojú rẹ̀ wá Don Baldomero kiri bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ni bàbá àgbà náà dúró sí. Ẹ̀rù ba bàbá náà débi pé kò mọ ìgbà tó gbé ọmọ lé èjìká. Ó sáré gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn, Señora Nolfa ń ti ẹ̀yìn tì í bí ẹni ń ti ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣíná.

Señorita Yasna ló gbà wọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ nílé ìwòsàn náà ni títọ́jú àyà àwọn ọmọdé. Ó fi ìbomú oníke sí Rayén lójú, ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ó gbé e jókòó kó má dùbúlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, súúfé inú àyà náà lọ sílẹ̀. Ó pe orúkọ àìsàn náà fún wọn: ikọ́ fée. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, àwọn ọmọ tó kù ti kún orí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló ní kí ẹ jáde ṣeré lónìí?" ó bi wọ́n.

Gbogbo wọn fi ohùn kan dáhùn bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì: "Don Baldomero ni. Ó ní a ti ní póòpù."

Ojú ti bàbá àgbàlagbà. Ó ṣí fìlà, ó tún dé e.

"Señorita, ó funfun," ó ní. "Funfun báláú ni. Ohun tó funfun mọ́."

Yasna ò bá a jà. Ó mú ìṣáná lórí sítóòfù tíì rẹ̀, ó pe bàbá náà bọ́ sí ìta kúrò nítòsí àwọn ọmọ, ó ṣá igi kan, ó fẹ́ ẹ pa, ó sì dúró díẹ̀ kí èéfín rẹ̀ tán.

"Don Baldomero, ṣé ẹ ṣì rí nǹkan?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ gbọ́ òórùn?"

"Mo gbọ́ ọ. Òun náà ni ti gbàgede àárọ̀ yìí."

"Inú imí ọjọ́ ni irú òórùn yẹn ti ń wá. Imí ọjọ́ wà nínú èédú. Tí wọ́n bá jó èédú, á di afẹ́fẹ́ tí ò láwọ̀ rárá, ẹni tó ní ikọ́ fée ló sì kọ́kọ́ ń mú. Eruku kan tún wà níbẹ̀ tó kúná ju irun orí lọ fíìfíì. Ẹ ò lè rí i, asẹ́ imú ò lè mú un, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ó sì lè gba ibẹ̀ dé ọkàn. Èyí tó funfun tí ẹ ń rí yẹn, oru omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, bíi ti kẹ́tùlù. Oru yẹn ò ní kí ẹ̀gbin má sí lábẹ́ rẹ̀."

"Àmọ́ funfun..."

"Kí ló wà nínú àpò yín yẹn?"

Don Baldomero fọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Sìgá."

"Àwọ̀ wo ni èéfín rẹ̀?"

Bàbá náà ronú sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò hanrun. "Funfun," ó ní.

"Ṣé póòpù ni?"

Señora Nolfa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra. Ó fi ìdí ẹ̀wù bo ẹnu, ó ń mì.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣe é fi pamọ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì gbé nítòsí ilé iṣẹ́ èédú tó ti gbó. Yasna ṣàlàyé fún wọn pé asẹ́ wà tí wọ́n ń gbé sínú ọ̀pá èéfín, ọ̀kan ń gba eérú, òmíràn ń gba imí ọjọ́. Ti eérú tó wà lára Àǹtí ti jẹrà. Ti imí ọjọ́, kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rí. Àwọn tó ni Àǹtí sì ń wá àṣẹ láti máa jó èédú lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

"Òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú," Yasna ní. "Lọ́jọ́bọ̀ ni ìpàdé náà, ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá."

"Lọ́jọ́bọ̀?" Señora Nolfa ní. "Ṣebí Ọjọ́bọ̀ náà ni ilé iṣẹ́ fẹ́ fún gbogbo ìlú ní ẹran sísun àti wáìnì lófẹ̀ẹ́ létíkun."

"Wákàtí kan náà ni," Yasna dáhùn. "Ẹnu tó bá kún fún ẹran kì í sọ̀rọ̀. Ẹní bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ariel ti ibi iṣẹ́ dé, èédú yí ojú rẹ̀ ká bí tìróò. Bàbá rẹ̀ gé búrẹ́dì, ó fi píà ra á, kò sì jẹ ẹ́. Rayén ti sùn.

"Ariel," bàbá náà ní, "tí wọ́n bá ti Àǹtí pa, kí la máa jẹ?"

Ariel fa àga, ó jókòó. "Bàbá, èmi ni mò ń gbé èédú yẹn sínú iná. Èmi ń gbé e, ọmọ mi ń fà á símú. Mo rò ó láti ibi iṣẹ́ délé." Ó fọwọ́ nu ojú, èédú wá di ẹrẹ̀. "Téèyàn bá ń sunkún, ó ṣì máa ń ríran. A lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ta ló máa bá mi wá àyà tuntun fún Rayén?"

Don Baldomero sunkún díẹ̀, ó ní àlùbọ́sà ọjọ́sí ló ṣì wà lójú òun.

Ọjọ́bọ̀ dé. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn aṣojú ìjọba jókòó, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ jókòó, Yasna, Ariel, Señora Nolfa àti Don Baldomero jókòó. Àga tó kù ṣófo gbáláú. Òórùn ẹran sísun ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹnjiníà náà wo aago, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó jọ pé ará ìlú ò ní àròyé," ó ní.

Don Baldomero dìde, ó jáde. Kò pẹ́ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kì í ṣe agogo póòpù, kì í ṣe ti ìsìn. Agogo òkú ni, gbọ̀ọ̀m kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, gbọ̀ọ̀m kan. Ní Piedra Honda, tí agogo yẹn bá dún, apẹja á fi àwọ̀n sílẹ̀, ọkọ á fi ìyàwó sílẹ̀, nítorí òkun lè ti gbé ọmọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú tú kúrò létíkun. Wọ́n sáré gun òkè wá, òmíràn mú eegun lọ́wọ́, òmíràn di ife wáìnì mú kó má bàa dànù.

"Ta ló kú?" wọ́n ń bèèrè. "Don Baldomero, ta ló kú?"

"Kò tíì sí," ó ní. "Ẹ wọlé kó má bàa sí."

Wọ́n bú u dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé. Wọ́n wọlé, àga ò tó.

Ẹnjiníà náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń dán. Ó fi àwòrán Àǹtí han ìjọ èèyàn. "Ẹ fojú ara yín rí i," ó ní. "Èéfín wa funfun. Ṣé ó yẹ kí ohun tó funfun báyìí máa bà yín lẹ́rù?"

Gbogbo ojú yí sí Don Baldomero. Ilẹ̀ ò lanu gbé e mì, nítorí náà ó dúró, ó sọ̀rọ̀. "Ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi lẹ gbà sọ yẹn," ó ní. "Èmi gan-an ni mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ọmọ mi ló san gbèsè rẹ̀."

Señora Nolfa dìde. Ó tẹ́ aṣọ tábìlì kan síwájú ẹnjiníà, ó gbé empanada gbígbóná lé e láìsí àwo.

"Ẹ jẹun, ọ̀gá," ó ní. "Láti àná ni mo ti sá aṣọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yín. Èéfín yín funfun látàárọ̀ dalẹ́."

Ẹnjiníà wo aṣọ náà. Eruku kíkúná bò ó, eérú eérú. Ó wo empanada, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ti jẹun nílé," ó ní.

"Ẹ fi aṣọ yẹn nu ẹnu nígbà náà."

Kò nu ún. Gbọ̀ngàn hó yèè fún ẹ̀rín, àní ọ̀kan lára àwọn aṣojú ìjọba fi ìwé bo ojú.

Ariel ló dìde lẹ́yìn náà, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀," ó ní. "Mi ò wá síbí kí n wá ba iṣẹ́ ara mi jẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé asẹ́ sí i nísinsìnyí. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, kí wọ́n dín iná kù. Kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, kí wọ́n sì kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ mìíràn kí ọjọ́ náà tó dé. Mo fẹ́ jẹun, mo sì fẹ́ kí ọmọ mi mí. Ṣé mo ti béèrè jù?"

Bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú ṣe ń dìde tẹ̀léra wọn, àwọn aṣojú sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n ti Àǹtí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó pàṣẹ asẹ́ imí ọjọ́, ó tún pẹ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́ títì. Ohun tó yá jù ni ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, tí wọ́n gbé sí ilé ìwòsàn kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún. Ohun tó bá wí ni Yasna fi ń ta àsíá: àwọ̀ ewé ní kí wọ́n jáde, òfeefee ní kí wọ́n ṣọ́ra, pupa ní kí wọ́n dúró sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún mọ́. Gbogbo ìlú ti wọṣọ. Gìta ti wà lórí ìjókòó. Èéfín Àǹtí jáde, ó funfun nini, kò tíì funfun tó bẹ́ẹ̀ rí. Rayén dúró pẹ̀lú bàtà ijó lẹ́sẹ̀, ó ń wo bàbá àgbà rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ọdún kan gbáko ni bàbá àgbà ti ń fi ọjọ́ yìí yangàn.

Don Baldomero gbójú kúrò lára èéfín, ó wo òkè ilé ìwòsàn. Àsíá pupa ló ń bẹ níbẹ̀.

"Don Baldomero," ẹnì kan ní, "ó mà funfun."

"Ó funfun," ó ní. Kò fọwọ́ kan okùn. "Póòpù kọ́. Ẹ kó tábìlì wọlé, ẹ pa fèrèsé dé."

Wọ́n kùn, wọ́n kó o. Inú ilé ni wọ́n jókòó sí, wọ́n jẹ empanada Señora Nolfa lórí aṣọ tó sá sínú yàrá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti gúúsù. Àsíá ewé gorí òpó. Agogo dún nígbà náà, ó dún bí ẹni pé òun náà ti há mọ́lé látàárọ̀, Rayén sì na áńkáṣíìfù rẹ̀ sókè. Ó jó. Gìgísẹ̀ rẹ̀ dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn àgbà ọkùnrin sì ṣí fìlà.

Ayọ̀ ti Don Baldomero wọnú agbo, ó na ọwọ́ sí Señora Nolfa. Wọn ò tíì yí po tó fi dúró, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di èjìká obìnrin náà mú.

Rayén wá wò ó lójú. "Bàbá àgbà," ó ní, "ta ló ń wúkọ́ báyìí?"

Bàbá náà yọ páálí sìgá nínú àpò, ó fi lé Señora Nolfa lọ́wọ́. "Ẹ bá mi jù ú nù," ó ní. "Àǹtí kan ti tó wa."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ tó ń jó èédú, ẹ má fi àwọ̀ èéfín mọ afẹ́fẹ́ tó dára. Ẹ béèrè ohun tí ẹ̀rọ wí, bí kò bá sì sí ẹ̀rọ, ẹ ní kí ìjọba gbé e wá. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọdé, arúgbó, aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée wà nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré tàbí jó níta. Ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ kò bá lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ fi ológbò sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì pe ìpàdé lórí ilé iṣẹ́ tó ti gbó, ẹ lọ. Ẹ béèrè asẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, ẹ béèrè iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ṣe lẹ́yìn náà. Ẹran ọ̀fẹ́ á tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá sun ún, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ bá gbà láyè lọ́jọ́ náà, òun lọmọ yín á máa mí títí tó fi máa dàgbà.

Ẹ má dúró de agogo òkú kí ẹ tó jáde.